Ìdì Tí Ìyá Mi Fi Rán Mi

Tí ẹnì kan bá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní wèrè ní Ayédé-Èkìtì, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó jáde nílé láàárọ̀, kí ó má mú nǹkan kan lọ́wọ́, kí ó sì máa rìn. Kí ó tó dé ìkóríta kejì, wọn á ti bá a parí ọ̀rọ̀ náà.

Èmi kò mọ òfin yìí. Ayédé ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń kọ́ ọmọ níwèé fún ohun tó lé ní ogún ọdún, mo rò pé kò sí ohun tí ìlú náà lè fi pamọ́ fún mi. Àṣé tíṣà náà ní ohun tí kò kà rí.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́ ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí bí ẹni tó fi iyọ̀ jẹun alẹ́. Bí mo bá mu omi tán, mo tún ń wá omi. Mo ń sáré jáde ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹrin kí aago ìsinmi tó lù, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún sì ti ń ka iye ìgbà tí mò ń lọ tọ̀. Ara mi rù. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Adó tó sì máa ń wálé ní Sátidé, wò mí lọ́jọ́ kan ó ní ṣé kì í ṣe pé mò ń gbààwẹ̀ tí òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi àti ìyá mi la jọ wọ takisí lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Ìyá mi kò jẹ́ kí n dá lọ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, kò sì sí ibi tí mo lè lọ tí kò ní béèrè ìgbà tí n ó dé.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Nọ́ọ̀sì tó jókòó tì mí kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní kí n lo oògùn mi déédéé. Ó ní kí n dín iyán kù. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Èmi ọmọ Èkìtì, kí n dín iyán kù! Ó ní kí n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò lójoojúmọ́, torí àìsàn náà lè mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí nǹkan gún un kí n má mọ̀. Ó ní kí n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, ìrìn tó já fáfá, kì í ṣe ìrìn ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló wá fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọkàn yín ńkọ́, Màmá?”

“Ọkàn mi balẹ̀,” mo dá a lóhùn kíá.

Irọ́ ni mo pa. Ó sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ lára, kì í sábà jẹ́ kí ọkàn sinmi. Ọkàn tí kò sinmi náà kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ni yóò bá yín làjà àwọn méjèèjì. Ẹ máa rìn.” Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì náà ni pé láti bí oṣù méjì, n kò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, mo máa máàkì mẹ́ta, n ó dìde, n ó gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, n ó tún jókòó, n ó máàkì ẹyọ kan, n ó lọ wo bóyá mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Bí àwọn aládùúgbò bá ń gún iyán nírọ̀lẹ́, gbì, gbì, gbì, ó máa ń ṣe mí bíi pé àyà mi ni wọ́n ń gún. Inú ń bí mi sí ẹni tó ń gún un, sí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, àti sí iṣu pàápàá. Bí inú kò bá bí mi, ẹkún ló ń gbọ̀n mí, n kò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì lè sọ orúkọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí ìsinmi Kérésì dé, mo pinnu láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ọyẹ́ ń mú. Mo wọ bàtà pẹlẹbẹ, mo we gèlè, mo jáde. N kò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó ilé kan tó ń sá kòkó sẹ́bàá títì fi kí mi.

“Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá Tíṣà. Níbo lẹ ń lọ?”

Lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè yẹn kì í ṣe òfófó. Ara ìkíni ni. Ohun tí èèyàn ń dáhùn ni oko, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí “mò ń bọ̀ níwájú níbí.” Èmi ọlọ́gbọ́n wá sọ òtítọ́.

“Mò ń rìn ni.”

“Ẹ ń rìn lọ síbo?”

“Mi ò lọ síbì kankan.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú kòkó. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, ó rí i pé kò sí báàgì, kò sí Bíbélì, kò sí agbọ̀n. Ó ní, “Ẹ rọra o,” bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Níwájú díẹ̀, ọ̀kadà kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin tó gùn ún ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti ní ìyàwó, ó ti bímọ méjì. Èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì mi, kò sì tíì gbàgbé. Ó ní, “Tíṣà mi kò ní í fi ẹsẹ̀ rìn lójú mi. Ẹ gòkè.” Mo ní kò burú, kó máa lọ. Ó ní èèwọ̀. Mo ní mo fẹ́ rìn ni. Ó paná ọ̀kadà, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sójú títì nínú eruku, ó ń bẹ̀ mí pé bí òun bá ti ṣẹ̀ mí, kí n foríji òun. Àwọn èèyàn ti ń yọjú. Ojú tì mí, mo gòkè. Ó béèrè ibi tí mò ń lọ, n kò lè tún sọ pé n kò lọ síbì kankan. Mo ní Òyè.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ara mi láàárín ọjà Òyè láàárọ̀ kùtùkùtù, tí n kò ní ohunkóhun láti rà. Mo ra tòmátì torí ìtìjú, mo wọ takisí padà. Ẹsẹ̀ mi kò rìn ju igba ìṣísẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn gbé mi dé Ìlúpéjú. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa dì mí lọ́wọ́ mú láàárín títì, ó ní kí á jọ gbàdúrà, ohun tó ń lé mi kiri kò ní í lé mi bá.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí mo fẹ́ jáde, ìyá mi ti gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó lé e.

“Padà sínú ulé,” ó ní.

“Ìyá, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ.”

“Mo gbọ́ ọ. Òun kò mọ ulé wa. Báyìí gan-an ni àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀.”

Mo ti ń gbọ́ ìtàn àbúrò rẹ̀ yìí lábẹ́lẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi rí. Ọjọ́ náà ló sọ ọ́, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ bí ló kú lọ́wọ́ ibà. Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀, ó ń gba ọ̀nà Òyè lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sófo. Wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Wọ́n ń béèrè ibi tó ń lọ, ó ní òun ń rìn ni. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó lọ, kò sì padà wá. Wọ́n wá a dé Ìkọ̀lé, wọ́n wá a dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn mọ. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, tí mi ò lè dárúkọ. Mo padà sínú ilé.

Iléèwé wọlé, mo sì ń ti kíláàsì lọ sílé, láti ilé lọ sí kíláàsì, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Oògùn mi ni mò ń lò, iyán ni mo ti fi sílẹ̀, ara mi kò sì balẹ̀. Ńṣe ni mò ń yí inú yàrá po. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ju dọ́sítà onígi tí mo fi ń nu bọ́ọ̀dù sí i. Kò bà á. Dọ́sítà náà gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, àlàfo rẹ̀ kò ju ìbú ìka kan lọ, ó lu ògiri, ẹfun bo gbogbo ibẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wò mí. Kò sí ìgbà tí mo nà wọ́n láìjẹ́ pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Èyí kì í ṣe nínà, n kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbé dọ́sítà. Mo wọ inú yàrá tí a ń kó ẹfun àti ọkọ́ sí, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sunkún.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ ọ́ láìfi bò.

“Ìyá, tí mi ò bá rìn, màá ya wèrè.”

Kò dáwọ́ dúró. “Bí o bá sì rìn, wọn á ní o ti ya á.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

Ó ṣa ẹ̀gúsí náà tán, ó gbọn ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó dìde. Inú bí mi débi pé mi ò bá a jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìdì kékeré kan fún mi. Kò ju ìkúùkù méjì lọ. Àjákù gèlè àtijọ́ ló fi dì í, ó sì ta á ní kókó mẹ́ta. Ó ní kí n gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ òun tó ń gbé ní ìparí ìlú lọ́nà Òyè. Mo mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà. Àtọmọdé ni wọ́n ti jọ ń ṣe, opó ni òun náà, ó sì lẹ́nu bí abẹ.

“Oògùn eékún ni. Ẹsẹ̀ ni kí o fi gbé e. Bí o bá gun ọ̀kadà, á gbọ̀n, á bàjẹ́. Má sì tú u.”

“Kí n tó lọ síléèwé?”

“Ṣé n ò tíì tó rán ọ níṣẹ́ mọ́ ni?”

Mo gbé ìdì náà, mo jáde. Oníkòkó kí mi, ó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní ìyá mi ló rán mi. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ìyá o!” Ọlọ́kadà dé, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀. Mo na ìdì náà sí i. Mo ní iṣẹ́ ìyá mi ni, kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà. Kíá ló yọ fìlà, ó ní, “Háà, iṣẹ́ àgbà,” ó sì yà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín pé tíṣà òun ti di ọmọ iṣẹ́. Mo rìn dé ìparí ìlú, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. A kì í dá ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ dúró lọ́dọ̀ wa, pàápàá bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló rán an.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi gba ìdì náà, ó gbé e wọ yàrá. Ó jáde, ó ní kí n bọ́ bàtà, ilẹ̀ òun mọ́. Ó fi aṣọ tútù nu eruku ẹsẹ̀ mi, ó nu àtẹ́lẹsẹ̀, ó nu àárín ọmọ ìka. Mo ní kó fi sílẹ̀, àgbàlagbà ni mí. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìdì jáde padà.

“Gbé e fún ùyá rẹ. Sọ fún un pé ó kù díẹ̀.”

Mo jíṣẹ́. Ìyá mi ní òun ti gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún gbé ìdì fún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún gbà á, ó tún nu ẹsẹ̀ mi, ó tún ní ó kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ. Mo ń kùn. Mo ń sọ fún ara mi pé irú oògùn wo ni èyí tí kò jinná láéláé, ta ni eékún ń dùn nínú àwọn arúgbó méjì yìí ná? Ṣùgbọ́n mo ń lọ. Bí mo bá ti jáde, tí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ fẹ́ sí mi lójú, ohun tó ń sáré láyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo bá fi máa dé ọ̀hún, á ti rẹ òun náà.

N kò mọ ọjọ́ tó yí padà. Mo kàn rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé mo ti máàkì ìwé kíláàsì kan tán láìdìde. Mo gbójú sókè, àwọn aládùúgbò ń gún iyán, mi ò sì tíì gbọ́ ọ. Ní Ìdó, ṣúgà mi ti wálẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn, lọ́tẹ̀ yìí mo sọ òtítọ́. Mo ní ó ṣì máa ń sáré, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí mo ṣe ń bá a sáré. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì mi, mi ò mọ bó ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ ìyá mi ń nu ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìṣó kékeré kan ti gba inú bàtà wọlé, ó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ yí i ká. Èmi tí mo rìn láti ilé mi dé ibẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Arúgbó náà kò pariwo. Ó kàn ní, “Ọlọ́un ṣeun,” ó sì ránṣẹ́ pe ọlọ́kadà. Ọjọ́ yẹn, mo gun ọ̀kadà láìjà.

Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdì náà wà lórí tábìlì wa. Ìrìn tí mi ò rìn bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lára. Mo ń jókòó, mo ń dìde, mo ń fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri yàrá bí adìẹ tí wọ́n so. Lọ́jọ́ kẹfà, mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé oògùn náà lọ, kí eékún ẹlẹ́eékún má baà bàjẹ́.

“Kò kánjú,” ó ní.

Kò kánjú! Oògùn tí mo ti ń gbé lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí n kò lè torí òjò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan! Nígbà tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tú u. Èkùrọ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti dán nítorí bí wọ́n ti ń fara ra ara wọn. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Inú tó bí mi, mi ò lè sọ ọ́ tán. Mo tò wọ́n sórí tábìlì kó tó wọlé. Mo ní, “Ìyá, èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ àádọ́ta ọdún, hẹ́dímísítírẹ́ẹ̀sì ọ̀la, ẹ sọ mí di ẹni tí ń gbé èkùrọ́ kiri ìlú! Gbogbo Ayédé ń kí mi kú iṣẹ́!”

Ó wo èkùrọ́ náà, ó wò mí. Ó jókòó.

“Gbogbo wa ni a ṣọ́ àbúrò mi,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ ọ, ọkọ ń ṣọ́ ọ, èmi ń ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni kan nínú wa tó rán an ní uṣẹ́. Ká ní mo rán an ní uṣẹ́ ni, ì bá padà wá jẹ́ ẹ.”

Ó ń ṣa èkùrọ́ náà padà sínú àjákù gèlè, ó ń wá ọ̀kan tó yí bọ́ sábẹ́ tábìlì, eékún rẹ̀ ń ró bó ṣe ń tẹ̀ ba. Mo bá a mú un. Èmi ni mo ta kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi jinná, mo ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, mo gbé ìdì, mo jáde. Ọ̀rẹ́ ìyá mi gbà á, ó wo kókó tí mo ta, ó wò mí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ìyá mi. Ó gbé e wọlé, ó gbé e jáde. “Sọ fún ùyá rẹ pé ó kù díẹ̀,” ó ní, ẹ̀rín sì pa á débi tó fi di ògiri mú.

A ṣe é báyìí fún ọdún mélòó kan. Mo di hẹ́dímísítírẹ́ẹ̀sì lóòótọ́, mo sì ń gbé èkùrọ́ mi kí n tó lọ lu aago iléèwé. Ọdún tí fóònù alágbèéká dé àdúgbò wa, tí àwọn èèyàn ń gun orí àpáta láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n lè bá àwọn ọmọ wọn ní Èkó sọ̀rọ̀, ni ìyá mi kú. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, orí àga ló wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò mú mi nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí n fi ìdì sílẹ̀ títí di ọ̀la kó má baà tutù. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe rí iṣẹ́ náà jẹ́ fún un.

A sin ín. Àwọn èrò lọ, ọkọ mi padà sí Adó, àwọn ọmọ wa padà sí Ìbàdàn. Mi ò jáde fún ìrìn mọ́. Ta ni yóò rán mi? Láàárín ogójì ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ti padà: ìdìde, ìjókòó, gbígbá ilẹ̀ tó mọ́, ẹkún, àyà tó ń sáré. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣúgà ti gòkè. Ìbẹ̀rù àtijọ́ náà padà, ó sì wọlé bí ẹni tó mọ ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ bàtà, mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́nà Òyè, mo sì ti kọjá iwájú ilé oníkòkó kí n tó rí i pé ọwọ́ mi sófo. N kò padà. Mo ń rìn kíákíá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Òtítọ́ ni kí n sọ: mi ò mọ̀ bóyá n ó dúró ní ìparí ìlú.

Ọ̀kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ni. Ewú kan tàbí méjì ti yọ níwájú orí rẹ̀.

“Tíṣà mi. Níbo lẹ ń lọ?”

Mo ṣí ẹnu, ohun tó wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá ló jáde. “Ìyá mi ló rán mi.”

Ẹ̀rù bà á. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí ìyá mi. Ó wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀, kò ní kí n gòkè. Ó kàn ń fi ọ̀kadà tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, títí mo fi dé ilé ọ̀rẹ́ ìyá mi, tí mo sì dúró níwájú rẹ̀, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Arúgbó náà jókòó síta, ó ti tẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ọlọ́kadà sọ̀kalẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé mi ò ní gbọ́.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa gba Tíṣà mú. Wọ́n ní ìyá wọn ló rán wọn.”

“Kí ló burú níbẹ̀?” arúgbó náà dá a lóhùn. “Ùyá rẹ̀ ló rán an. Máa bá uṣẹ́ rẹ lọ.”

Ó fi ọ̀pá dìde, ó wọ yàrá. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó gbé ìdì náà dání, kókó mẹ́ta náà wà bí mo ṣe ta wọ́n. Ó nà án sí mi, n kò lè gbà á.

“Ta ni n ó gbé e fún?” mo bi í. Omi ti bò mí lójú.

Ó fi ìdì náà sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé lórí rẹ̀.

“Ṣé ó sọ fún ọ pé kí o dẹ́kun ni?” ó ní. “Jókòó. Bọ́ bàtà rẹ, jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ rẹ.”